Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fowó Ra Ìyà Lórí Òkè, Ẹ Kú Ìnáwó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olówó tí ẹ ti orí òkè dé. A rí fọ́tò yín. Gbogbo Odawna ló rí i, nítorí bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe mú yín ní Ho báyìí lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí WhatsApp, ẹ ò sì sinmi títí mọ́tò fi gbé yín dé Circle. Fọ́tò kìíní, funfun. Ìkejì, funfun. Ìkẹta, funfun, àfi orí ẹ̀gbọ́n wa tó yọ nísàlẹ̀ bí ẹran inú ẹ̀kọ mímu. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run." Ìyá Ìbejì tó ń ta waakye lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin wò ó, wò ó, ó dorí fóònù kodò, ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ dákun, ṣé ojú fóònù wọn ló fọ́ ni? Kí wọ́n gbé e lọ sí Tip Toe Lane, wọ́n á bá wọn pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀ kí waakye mi tó tán."

Ẹni tí kò bá mọ Odawna, kó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ Circle Kwame Nkrumah ló wà ní Accra, létí odò Odaw. Ọjà ni, ibùdókọ̀ ni, ilé ni, gbogbo rẹ̀ gbá jọ síbi kan náà. Láti 2016 tí wọ́n ti ṣí afárá alájà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń pe Circle ní Dubai. Òkè lọ́hùn-ún ni Dubai o. Ìsàlẹ̀ làwa ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n wa yìí ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ti Peckham ní London dé, wọ́n sùn lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n ti ní Odawna fẹ́ pa àwọn. Méètì trotro ń ké "Circ-Circ-Circ" láti ìdájí. Oníwàásù ń fi gbohùngbohùn lé ẹ̀mí èṣù kúrò ní àdúgbò, ẹ̀mí èṣù ò sì tètè lọ. Iná tún wá lọ, dumsor dé. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, àlàáfíà ni ara mi ń fẹ́. Mo fẹ́ lọ síbi tí kò ti sí iná, tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, tí ariwo kòkòrò nìkan á máa dùn létí èèyàn."

Mo wo gílóòbù tó ti kú sórí wa. Mo gbọ́ ẹ̀fọn létí mi ọ̀tún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ibẹ̀."

Wọ́n ní mi ò lajú. Wọ́n ní lọ́ọ̀jì ni àwọn ń wí, lọ́ọ̀jì inú igbó, lórí òkè, nínú ìkùukùu, níbi tí àwọn òyìnbó ń lọ. Báyìí ni ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn láti East Legon ṣe gbọ́, tí ẹ ní ẹ ó bá wọn lọ, tí wọ́n sì ní kí èmi náà bá àwọn lọ kí n lè máa gbé báàgì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìkùukùu. Ìwé ìpolówó yín sọ pé igbó ìkùukùu ni ẹ ń lọ. Igbó tí ìkùukùu fi ṣe ilé kì í sí lórí òkè pẹ́pẹ́pẹ́. Òkè Cameroon ga ju 4,000 mítà lọ. Obudu ní Cross River, tí àwọn ará Scotland fi ṣe ọgbà màlúù ní 1951 kó tó di ibi ìgbafẹ́, ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Afadja tó jẹ́ ọba òkè ní Ghana, 885 mítà péré ni. Amedzofe tí a lọ ni wọ́n ń pè ní ìlú tó ga jù ní gbogbo Ghana, síbẹ̀ àlejò ni ìkùukùu níbẹ̀: lásìkò òjò á dé ní ìdájí, á jókòó sórí ilé onílé, á dìde lọ bí oòrùn bá ti tàn. Ẹ ò mọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù tó wà nílé lẹ sáré jáde láti lọ wo àfonífojì. Nígbà tó máa lọ, tí àfonífojì tú síta rẹgẹdẹ, ẹ ti padà sórí ibùsùn. Ẹ ti fi owó ríran, ẹ ò sì rí nǹkan kan.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ owó náà ń dùn mí. Òfin rẹ́ǹtì Ghana ti 1963 kò fẹ́ kí onílé gbà ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣíwájú. Onílé Accra a sì máa béèrè ọdún méjì, ẹ a sì máa fi bú u nílé, lóko, nínú àdúrà. Onílọ́ọ̀jì ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ san án ní dọ́là, kí ẹ sì mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀ títí ẹ fi padà, kò sí owó tó ń padà. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀nà náà kò ṣe é gbàgbé. A wọkọ̀ ní Tudu, a ń lọ, a dé Atimpoku níbi afárá Adomi tó gba orí odò Volta kọjá láti 1957. Àwọn obìnrin sáré bá ọkọ̀ wa pẹ̀lú abolo àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ díndín tí wọ́n ń pè ní one-man-thousand. Ẹ ti fèrèsé pa. Ẹ ní ẹ ò lè jẹun ojú títì, pé inú yín kò gbà á. Ọmọ Peckham nìkan ló ra, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọ̀rá. Nígbà tí a kọjá Ho, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè láti Vane, tí ó ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó rántí inú mọ́. Ní kọ́nà kìíní, ẹ̀gbọ́n ké pe Jésù. Ní kọ́nà kejì, wọ́n ké pe ìyá wọn. Ní kọ́nà kẹta tí lọ́rì kan bọ́ sí wa níwájú, mo gbọ́ tí wọ́n ké pe Ṣàngó, ọmọ ìjọ Ridíìmù ni wọ́n o.

A dé. Wọ́n fi ilé hàn wá. Ilé amọ̀, òrùlé koríko, fèrèsé kékeré, àtùpà lórí ìṣó. Ẹ pariwo! Ẹ ní irú ilé yìí ni ọkàn yín ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Láyé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, gbogbo ìlú ló máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fi bo òrùlé ààfin, Aláàfin kò sì ná kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ẹ wá san dọ́là kí koríko lè máa já sínú tíì yín. Bàbá ẹ̀gbọ́n wa ló sá kúrò ní ahéré lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ó wá sí Gold Coast, ó ta aṣọ, ó ta abẹ́rẹ́, ó ta òwú, nítorí kó lè fi páànù bolé kí omi má baà kán lé ọmọ ẹ̀ lórí. Ọmọ náà dàgbà, ó lówó, ó lajú, ó padà sí ahéré. Omi kán lé e lórí. Ó ní, "Ẹ wo bó ṣe rí bí ìṣẹ̀dá gan-an!"

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kò sí omi níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tán, kó bu lẹ́búlẹ́bú pákó dà lé e. Garawa lẹ́búlẹ́bú wà níbẹ̀, ife wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú.

"Àbúrò! Mélòó ni kí n bù?"

Ọmọkùnrin tó ń fi wá mọ̀nà dá wọn lóhùn láti ìta pé, "Ife kan ti tó, sà."

"Ife tòkè-tòkè ni àbí èyí tí wọ́n rẹ́ lójú?"

Oníṣòwò ọmọ oníṣòwò! Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó jinlẹ̀ ni, pé kò ní í rùn, pé tó bá yá yóò di ajílẹ̀. Mo kan ń wò wọ́n. Nítorí ṣáláńgá tí bàbá wọn gbẹ́ sẹ́yìnkùlé ni ẹ̀gbọ́n yìí kò fi mú ọ̀rẹ́ iléèwé kankan wá sílé rí. Bàbá a sì máa da eérú lé e lójoojúmọ́. Àṣé onísáyẹ́ǹsì ni bàbá wa, owó ìwọlé ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà.

Ọṣẹ inú ilé ìwẹ̀ náà ńkọ́? Ọṣẹ dúdú, tó fi díẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n dì í séwé, wọ́n gbé e sínú igbá, wọ́n fi òdòdó kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e símú, ẹ dijú. Ẹ ra púpọ̀ sí i láti kó lọ fún àwọn èèyàn yín. Alata samina ni gbogbo Ghana ń pè é, àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata ni wọ́n fi orúkọ wa pè é. Màmá kan ń tà á lódindi òṣùṣù lẹ́nu ọjà Odawna, ẹ a sì máa fi ọwọ́ bo imú kọjá níwájú wọn.

Oúnjẹ dé. Ìrẹsì pupa Avatime, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣọdún Amu nígbà ìkórè. Kò sí àbùkù lára ìrẹsì náà, ó dùn. Àbùkù wà lára yín. Ìyá yín se Ọ̀fàdà fún yín ní Kérésì, ẹ ní ó ń rùn, ẹ ní kí wọ́n wá ìrẹsì Thailand. Níbí, ẹ jẹ ẹ́, ẹ tún bù kún un, ẹ sì ń sọ fún ara yín pé ara ń fúyẹ́.

Alẹ́ wá lẹ́. Ìrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han, àkèré ń dáhùn, ẹ̀gbọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Àlàáfíà rèé." Ní òru, nǹkan kan ké lórí igi. Kì í ṣe igbe ẹyẹ. Ó gbó, ó tún gbó, ó ń yára, ó ń lọ sókè, títí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n ń tẹ nǹkan lọ́rùn pa. Ilẹ̀kùn mi ṣí. Ẹ̀gbọ́n ló wọlé, wọ́n gbé ìrọ̀rí dání, wọ́n wọ bàtà òdì.

"Àbúrò, ta ni wọ́n ń pa?"

Mo ní, "Òfàfà ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹranko tí kò ju ehoro lọ ni."

"Irọ́ ni! Ehoro wo ló ní irú ọ̀fun yẹn?"

Òfàfà náà yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ẹranko tẹ̀ ẹ́ jáde pé òfàfà tó ń gbé láàárín odò Volta àti odò Ọya kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà ní òdìkejì odò méjèèjì. Igbe ẹnu rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀: àwọn yòókù ń han, tiwa ń gbó. Amedzofe wà láàárín odò méjèèjì, igbó Ìjẹ̀bú náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbátan ni ẹ̀gbọ́n wa ń sá fún lóru! Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana, ní oṣù Kọkànlá 1969, fún àwọn bàbá wa ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi wá ìwé ìgbélùú tàbí kí wọ́n máa lọ, tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní owó ẹ̀pà, òfàfà kò sọ̀kalẹ̀ lórí igi. Kò níwèé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó wà níbẹ̀ tó ń gbó, títí di òní tí ọmọ ẹni tí wọ́n lé lọ fi padà wá sanwó gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì tún sá.

Ẹ̀yin ará East Legon, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ọ̀gá kan wà láàárín yín tó ní òun ti pa fóònù òun kí ọpọlọ òun lè sinmi. Ilẹ̀ mọ́, a gun òkè Gemi, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Jámánì ri àgbélébùú irin ńlá mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìlú máa ń ròyìn pé nígbà ogun, òun ni àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ sílé. Ta la bá nídìí rẹ̀? Ọ̀gá Ọlọ́pọlọ-sinmi! Wọ́n fi ọwọ́ kan di àgbélébùú mú, wọ́n na fóònù sókè pẹ̀lú ìkejì, wọ́n ń bẹ nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn míṣọ́nnárì ì bá yọ̀, wọn ò rí ẹni tó rọ̀ mọ́ àgbélébùú tó bẹ́ẹ̀ rí. Arábìnrin kan wà tó wọ wíìgì olówó ńlá wọnú ìkùukùu. Nígbà tó máa fi dé orí òkè, wíìgì ti gba omi sára, ó wúwo, ó ń fà á lọ sẹ́yìn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n wá ṣèpàdé lórí ojú ọjọ́ tó ń gbóná, wọ́n wa jíìpù ràgàjì-ràgàjì gun òkè láti wá jíròrò èéfín mọ́tò.

Ọmọkùnrin tó ń fi wá mọ̀nà kò rẹ́rìn-ín yín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé e délé. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, àwo sátẹ́láìtì wà lórí rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn, bọ́ọ̀lù Chelsea ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn. Mo ní, "Àbúrò mi, ṣé o ò lè kọ́ ilé koríko ni?" Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ń tọ́jú owó, mo fẹ́ wá ra fóònù ní Circle." Mo ní kó má ra fóònù kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sáré, kó sì ṣí páálí rẹ̀ wò kó tó sanwó, kó má baà gbé ọṣẹ délé. Òun náà yóò wá lé e sórí igbá, yóò tà á fún yín.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀rín náà kò fọ́ni lójú. Ìkùukùu tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń fara gbá ewé àti ẹ̀ka, ó ń di ẹ̀kán omi, ẹ̀kán ń bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ igbó ń fà á mu, á wá máa tú u sílẹ̀ fún odò díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn Quaker kan tí wọn ò fẹ́ ṣe sójà kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lọ dó sórí òkè Monteverde ní Costa Rica ní 1951. Màlúù ni wọ́n ń sìn, wàrà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ya igbó orí òkè sọ́tọ̀, wọn kò fi àdá kàn án, nítorí ibẹ̀ ni omi wọn ti ń wá. Ó di 1972 kí wọ́n tó sọ agbègbè náà di igbó àdáàbòbò tí gbogbo ayé mọ̀. Omi ni wọ́n rò kí ẹnikẹ́ni tó ro lọ́ọ̀jì.

Ní Ghana, igbó orí òkè Atewa ni odò Birim, Ayensu àti Densu ti ń ṣàn wá. Densu ni wọ́n sé ní Weija, omi rẹ̀ ló ń dé ẹnu ẹ̀rọ ní apá ìwọ̀-oòrùn Accra. Bọ́síìtì wà lábẹ́ igbó Atewa náà, ìjọba sì ti bá iléeṣẹ́ Sinohydro ti China dá májẹ̀mú bílíọ̀nù 2 dọ́là ní 2018, tí wọ́n fẹ́ fi owó bọ́síìtì Ghana san. Ẹ̀yin tí ẹ sunkún nígbà tí ẹ rí labalábá lórí òkè, mi ò gbọ́ ohùn yín lórí ìyẹn.

Odò Odaw tiwa náà, òkè ló ti wá. Ìdí òkè Akuapem, níbi tí Aburi wà, ló ti ń ṣàn bọ̀, mímọ́ lóló. Ó gba ẹ̀yìn Achimota, ó gba Alajo, ó dé Odawna, ó bọ́ sí ọ̀sà Korle. Láàárín òkè sí Odawna ló pàdé yín. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti dúdú, ọ̀rá ti bò ó, bí òjò bá rọ̀ kò rọ́nà lọ, yàrá wa ló máa ń yà sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2015, omi àti iná pa ohun tó lé ní 150 èèyàn ní Circle. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Lórí òkè, ọmọkùnrin yẹn ka ọ̀rá píọ̀-wọ́tà yín nígbà tí ẹ ń wọgbó, ó tún kà á nígbà tí ẹ ń jáde. Ẹ dúró jẹ́jẹ́, ẹ ṣí báàgì, ẹ ń pè é ní "sà". Ọ̀kan dín, ẹ̀gbọ́n wa ló padà sínú igbó lọ ṣà á wá. Inú mi dùn sí yín. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ gbé wa dé orí afárá Odaw nírọ̀lẹ́ tí a padà. Fèrèsé ṣí, ọwọ́ kan yọ jáde, ọ̀rá já sínú odò. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Aago tí wọ́n rà ní London ló wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀hún.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ ò bọ̀wọ̀ fún igbó. Ẹ̀rí owó tí ẹ san lẹ bọ̀wọ̀ fún. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ó tutọ́ sí i.

Mo ti wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọkùnrin Amedzofe ń bọ̀ wá ra fóònù lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má tètè padà. Ìyá Ìbejì ti yọ̀ǹda àga kan, a ó gbé e sórí afárá, a ó fún un ní ìwé àti bírò. Ẹni tó bá máa kọjá, kó ṣí báàgì. Owó ìwọlé wà, ṣíwájú la ń gbà á, dọ́là ni, bí òjò bá rọ̀ kò sí owó tó ń padà. Bí ọ̀rá yín kò bá pé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sọ̀kalẹ̀ sódò lọ wá a. Garawa lẹ́búlẹ́bú pákó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rù bá bà. Ife kan ti tó, sà.